Ìbọ̀wọ́ Fadérera

Fadérera ọmọ Ìfẹ́wàrà ni aṣọ́lé kejì nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oko ọsàn bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà láìmọ̀. Bí bàbá bá wà lórí igi tó ń já ọsàn, Fadérera, ọmọ ọdún mẹ́jọ, á dúró nísàlẹ̀ láti hán an kó má baà fọ́, ìyá rẹ̀ á sì máa ké sí i bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń bọ̀ pé, “Ọsàn ni o!”

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ aṣọ́lé rí kò lè mọ bí ipò kejì ti korò tó. Ẹnìkan ṣoṣo ní í dúró sẹ́nu ilé. Èkejì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú òtútù, á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Fadérera fi pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí aṣọ́lé àkọ́kọ́ fi orúnkún ṣèṣe ni wọ́n tó rántí rẹ̀, ó sì gbá eré mẹ́fà láìfìdí rẹmi.

Ìbọ̀wọ́ kan náà ló wọ̀ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sì fọ̀ ọ́ rí. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé inú ìbọ̀wọ́ náà ni oríire òun wà, pé bí òun bá fọ̀ ọ́, oríire á bómi lọ. Òórùn rẹ̀ tó láti lé eṣinṣin, àmọ́ ta ní í bá ẹni tó ń borí jà nítorí òórùn?

Ó wá ku eré kan kí ọdún bọ́ọ̀lù parí. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ẹgbẹ́ wọn á já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. Ọ̀mì ti tó wọn. Ìwé àdéhùn Fadérera náà ń parí lóṣù yẹn, ọ̀gá ẹgbẹ́ sì ti sọ fún un láìfepo-bọyọ̀ pé, “Bí a bá dúró, wàá dúró. Bí a bá já, wàá máa lọ.” Ìyá rẹ̀, tí kò fojú kàn án láti ọdún mẹ́rin, wá láti Ìfẹ́wàrà kó lè wo eré náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, Màmá jí, ó gbàdúrà tán, ó sì gbóòórùn. Ó tọ òórùn náà dé inú àpò Fadérera, ó fi ìka méjì fa ìbọ̀wọ́ jáde. Abiyamọ wo ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín àwọn òyìnbó? Ó gbé omi kaná, ó da ọṣẹ sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìbọ̀wọ́ títí ó fi funfun, ó sì sá a sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Kí Fadérera tó jí, ìbọ̀wọ́ ti le gbagidi bí pańla, rọ́bà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti sán.

“Màmá! Kí lẹ ṣe sí ìbọ̀wọ́ mi?”

“Mo bá ọ fọ̀ ọ́ ni, ọmọ mi. Ó ti ń rùn bí òkú eku.”

Fadérera jókòó sílẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Màmá káwọ́ lérí. “Yéè! Àṣé ohun tí wọn kì í fọ̀ ni mo lọ fọ̀. Ṣé kò sí òmíràn ni?”

“Ó wà, Màmá. Tuntun ni. Èmi àti ẹ̀ ò tí ì mọra.”

Ìbọ̀wọ́ tuntun náà ló wọ̀ wọ pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ìbọ̀wọ́ ló ń wò. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ kan, tí ọmọdé lè mú, fi yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì wọlé. Láàárín àwọn òǹwòran, Màmá fi ìborùn bojú. “Ọwọ́ mi yìí ló ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́,” bẹ́ẹ̀ ló ń wí.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ẹgbẹ́ wọn dá gòólù náà padà. Àmọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, réfírì fun fèrè: pẹ́nálítì fún ẹgbẹ́ kejì! Pápá pa lọ́lọ́. Fadérera tún tẹjú mọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ohùn kan ta láti àárín èrò: “Fadérera! Ọsàn ni o! Ọsàn ni!”

Àwọn òyìnbó yíjú wo Màmá tìyanutìyanu. Ẹnìkan ṣoṣo lọ̀rọ̀ náà yé. Fadérera gbójú sókè kúrò lára ìbọ̀wọ́. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ó fò lọ sápá òsì, Fadérera sì bá a níbẹ̀. Kò tì í dànù, ó hán an ni, ó dì í mọ́ àyà, ó sì ṣubú lé e. Kò fẹ́ dìde mọ́.

Ọ̀mì ni wọ́n ta. Ọ̀gá ẹgbẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, “Wàá dúró.” Ara tu Fadérera pẹ̀sẹ̀. Màmá ní tirẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

“Ṣé o ti dárí jì mí?”

“Màmá, èmi ni kẹ́ ẹ dárí jì. Ẹ bá mi fọ èyí náà bẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣáà má sá a sórí iná.”

Láti ìgbà tí Màmá ti gbé ìtàn náà délé, bí àwọn àgbà Ìfẹ́wàrà bá rí ẹni tó ń sunkún pé irinṣẹ́ òun bàjẹ́, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì pa á lówe fún un pé: kí ìbọ̀wọ́ tó dé, ọwọ́ ti ń hán ọsàn.