Àáké Láoṣebíkan àti Oyin Inú Àpáta

"Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí irọ́ ni mo pa? Gbogbo wa la máa ń pa á, a ó sì fọwọ́ sọ̀yà bí ẹni pé akọni kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ta wá ni akọni ọ̀hún? Mo ti bi àwọn tó jù mí lọ, mo bi àwọn tí mo jù lọ, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Bí ìyá bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó mú tirẹ̀ dání.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè, Láoṣebíkan lorúkọ rẹ̀. Odó ló ń gbẹ́. Àáké kan ṣoṣo ló fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì fi sílẹ̀ fún un. Ìdílé wọn ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti ṣá igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á dúró, wọ́n á wo ẹnu àáké, wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò kí wọ́n tó tún ṣá a. Ẹni tí àáké náà bá sì bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, wọn kò ní ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn bàbá nígbà ọdún Ògún títí ayé. Ọ̀rọ̀ yìí ba Láoṣebíkan lẹ́rù ju ikú lọ.

Ní àkókò ọyẹ́ ọdún kan, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń se òrí lẹ́yìnkùlé. Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún méje, fẹsẹ̀ kọ ààrò. Òrí gbígbóná dà sí i láti itan títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ròyìn igbe ọmọ náà. Ìyá àgbà tó máa ń tọ́jú egbò lábúlé wò ó, ó ní ògidì oyin nìkan ló lè gba ẹsẹ̀ yẹn là, pé kí wọ́n sì tètè wá a kí egbò náà tó kẹ̀.

Níbo ni wọn ó ti rí oyin? Iná ti jó igbó, ó ti jó àwọn igi tí oyin wà nínú wọn. Inú àpáta kan lórí òkè nìkan ló kù, níbi tí àwọn oyin ń gba ojú sísán tóóró kan wọlé, ọwọ́ èèyàn kò sì lè gba ibẹ̀. Àáké àwọn ará abúlé yòókù kò ju èyí tí wọ́n fi ń ṣẹ́gi ìdáná lọ. Alágbẹ̀dẹ tó ní òòlù ti lọ sìnkú àna rẹ̀ lọ́nà jíjìn, kò sì sẹ́ni tó ń wọ ilé àrọ nígbà tí onílé ò bá sí.

Bẹ́ẹ̀ ni Láoṣebíkan gbé àáké, ó gun òkè. Ó ṣá àpáta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dúró, ó wo ẹnu àáké bó ti mọ́ ọn lára. Ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́ díẹ̀, kò tó èékánná ọmọdé. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ pa irin náà, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn oyin nínú àpáta. Nígbà tó yá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àpáta náà le, pé ó máa dáa kí àwọn dúró de alágbẹ̀dẹ.

Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ, ó ṣá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wò ó, ó padà sílé. Lọ́jọ́ kẹta kò tilẹ̀ lọ mọ́. Ìdí òkúta ló jókòó sí, ó ń pọ́n àáké. Egbò ti ń rùn nínú ilé. Àwẹ̀ró jáde sí i, kò pariwo.

Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ọmọ ò ké mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ń pọ́n irin lọ. Àwẹ̀ró tún ní,

"Ọjọ́ kẹta rèé tí ẹ ti ń wo ẹnu àáké. Ẹ wọlé wá wo ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan."

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Láti ọjọ́ tí òrí ti dà, bàbá yìí kò tíì lè wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀rù ń bà á. Ó wọlé. Àwẹ̀ró ṣí ewé tí wọ́n fi bo egbò náà, Láoṣebíkan sì wò ó títí. Ó jáde, ó gbé àáké, ó tún gun òkè lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí kò ka iye ìgbà tó ṣá a. Irin ń fò, òkúta ń fò. Àwọn oyin jáde, wọ́n ta á lójú, wọ́n ta á létè, ojú rẹ̀ wú débi pé bó bá tilẹ̀ fẹ́ wo ẹnu àáké, kò ní lè rí i. Ẹ̀rù ń bà á síbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ó kàn ń ṣá a lọ ni. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, àpáta là, ó sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Wọ́n fi oyin ra ẹsẹ̀ náà. Ìbídùn, tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta, la ẹnu díẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ìka kan oyin, ó tọ́ ọ sí i lẹ́nu. Ọmọ náà lá a, ó ní òun tún fẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí òwe náà fi ní "jẹ".

Ọmọ ò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti gan. Ìyá àgbà kò fi bò fún wọn: ó ní ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni oyin yìí ti dé ni, ẹsẹ̀ ì bá nà. Ìbídùn wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Àwọn ará abúlé wá kí Láoṣebíkan. Wọ́n bá a kẹ́dùn àáké, torí kùkùté irin ló kù lórí eèkù. Wọ́n yìn ín fún ìgboyà, baálẹ̀ tilẹ̀ ní wọn ó máa ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn bàbá, àṣà ì báà bínú. Bó ṣe fẹ́ fèsì ni Ìbídùn ń kọjá lágbàlá, tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró títí kò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà mọ́.

Ó ní, "Ẹ má yìn mí. Èmi wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wò ó. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìfọ́nnu? Àbámọ̀ ni. Nígbà tí àgbàlagbà bá rí ẹni tí ìṣòro ńlá dí lọ́nà, tó ń ro ohun tí yóò bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ dípò kó kojú rẹ̀, ìgbà yẹn ló máa ń pa òwe yìí fún un. Kò sọ pé àáké ò ní bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a, nítorí ọmọ wà nílé.