Alùpùpù Tí Kì Í Jí Nígbà Tí Ara Rẹ̀ Bá Gbóná

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán, nítorí omijé ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi ni Ọdẹ́jìmí, ọmọ Ọdẹ́yalé ará Ẹlẹ́rinlá. Ìbọn àti ìbínú ni baba mi fi sílẹ̀ fún mi. Ìbọn ti dípẹtà, ìbínú kò lọ síbì kan! Bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi, mẹ́wàá ni mo fi ń dá a lóhùn. Mo ní alùpùpù kékeré kan nígbà náà, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Múdà mẹkáníìkì ti gbẹ́ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ̀, ó sì fi kabúrétọ̀ ńlá tó ń bu epo fún un sí i, tó fi jẹ́ pé ajá ọdẹ kò lè bá a sáré. Láàárọ̀, tí ara rẹ̀ bá tutù, ìpá kan péré ni mo ń ta kó tó jí. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á nígbà tó gbóná, ó parí nìyẹn. Mo lè ta á títí ẹsẹ̀ mi yóò fi wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni paramọ́lẹ̀ bu Àṣàbí ọmọ mi jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Àdùfẹ́ ìyàwó mi gbé e lé itan, ó ń sunkún. Àwọn àgbà wo ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n ní oògùn tí ẹ̀gbọ́n baba mi obìnrin ń ṣe ní Òkè-Ìsun nìkan ló lè pa oró yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ dé kí oòrùn tó wọ̀. Igbó àwọn iwin ló sì wà láàárín ilé wa àti Òkè-Ìsun, ẹsẹ̀ kò lè rìn ín lọ rìn ín bọ̀ lóòjọ́. Mo gun alùpùpù mi, ó di inú igbó.

Ní àárín igbó, lábẹ́ ọ̀pẹ olórí mẹ́ta, iwin kan dá mi dúró. Èéfín ń jáde nínú ihò imú rẹ̀ kan, atẹ́gùn tútù ń jáde nínú èkejì. Kí-mi-kó-o-tó-kọjá ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ ọmọ ènìyàn, ṣé orí ìjókòó ni wọ́n ti ń kí àgbà nílé yín? Pa ohun tó ń pariwo yìí, kí o sọ̀ kalẹ̀.”

Mo pa á, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ jọ̀wọ́, baba, ọmọ mi ń kú lọ.”

“Mo gbọ́. Máa lọ.”

Há! Níbo ni mo fẹ́ lọ? Mo ta á, kò jí. Mo fa ṣóòkì kí epo lè pọ̀ sí i, bí mo ti ń ṣe láàárọ̀. Mo ta á títí òógùn fi bò mí. Mo bú alùpùpù, mo bú Múdà, mo bú ìyá tó bí Múdà. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Iwin náà ní, “Ọdẹ, mo bi ọ́. Ẹni tó jẹun jẹun tí kò lè mí mọ́, kí ni wọ́n ń bù fún un nílé yín?”

Mo jágbe mọ́ ọn: “Wọn kì í bu nǹkan kan fún un! Wọ́n á jẹ́ kó mí ni!”

“O mọ̀ ọ́n sọ, o kò mọ̀ ọ́n ṣe. Tú pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná fún un wò.”

Mo tú u. Bẹntiróòlù ń kán tó, tó, tó lára rẹ̀.

“Ẹnu epo tí o kò tì lábẹ́ táǹkì ni epo ń gbà ṣàn wọlé bí o ti ń kí mi, o tún wá fa ṣóòkì lé e. Ara tútù ló ń fẹ́ epo púpọ̀. Ara tó ti gbóná, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́. Ti ẹnu epo, dá ṣóòkì padà, nu pọ́lọ́ọ̀gì, dè é padà, kí o yí ọwọ́ iná tó ń mú un sáré dé òpin kí ó lè mí. Lẹ́yìn náà ni kí o ta á, má sì fi ìbínú ta á.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó wá jí gbùrú! Mo ṣí epo padà.

Iwin tún ní, “Ìbéèrè kan ló kù. Ìwọ fúnra rẹ, ibo ni wọ́n ti ń ti epo tìrẹ?”

Mo wo ara mi láti orí dé ẹsẹ̀.

“Wàá rí i nílé,” ló wí, ó sì yà fún mi.

Mo gba ìgò oògùn náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n baba mi, mo ṣẹ́rí padà. Bí mo ti rí ọ̀pẹ olórí mẹ́ta lókèèrè ni mo ti epo, tí ẹ́ńjìnnì fi jẹ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀ tán. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kí baba iwin náà. Mo ṣí epo, n kò fọwọ́ kan ṣóòkì, ìpá kan ló sì fi jí.

Oòrùn ti dé orí òrùlé nígbà tí mo wọlé. Àdùfẹ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò ń wò. “Olóríburúkú! Ibo lo yà sí? Ọmọ ń kú lọ, ìwọ ń fi alùpùpù ṣeré nínú igbó!”

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ti tò sí ètè mi. Ẹ sì rántí pé ìgbà tí a jà kẹ́yìn, ìkòkò mẹ́ta ló fọ́, ìgò oògùn kan ṣoṣo yìí sì ni mo dì mú. Mo wo ojú ìyàwó mi. Ó gbóná. Ẹ̀rù ló gbóná nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó ti gbóná nínú èmi náà lábẹ́ ọ̀pẹ. Mo pa ẹnu mi dé. Ó sọ ọ́ títí èémí rẹ̀ fi tán.

Mo wá ní, “Pẹ̀lẹ́, Àdùfẹ́. Oògùn rèé.”

Ó bú sẹ́kún, ó gbà á. Kí wọ́n tó tan àtùpà, Àṣàbí ti béèrè omi.

Ẹ̀yin ará mi, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí nǹkan bá gbóná, ẹ má bu epo sí i. Ẹ jẹ́ kó mí. Àṣàbí nìyẹn, òun ló ń gbé omi bọ̀ fún yín yìí, ọmọ rẹ̀ ló pọ̀n sẹ́yìn. Ẹ bá mi gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀.