Òní àti Ìkòkò Àwẹ̀ró

"Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun." Ẹnu ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọ̀tá rẹ̀ la ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò: ọmọ kékeré wo ló mọ ọ̀tá, tó wá jókòó tó ń gbìmọ̀ pé ìyá òun ò ní sùn?

Àwẹ̀ró ni ìyá náà, amọ̀kòkò ni. Láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ rẹ̀ lọmọ ti ń ké, wọ́n sì sọ ọ́ ní Òní, torí orúkọ tí à ń sọ ọmọ tó bá ń ké tọ̀sán tòru nìyẹn. Orúkọ yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí Àwẹ̀ró bá ti ní ó rẹ òun, wọn á ní, "Òní mà ni, ẹkún ló bá wáyé." Kò sẹ́ni tó tún wádìí ẹkún náà mọ́.

Ọmọ já lẹ́nu ọmú, ẹkún ò tán. Wọ́n á fún un ní àkàrà, á ké pé ó kán sí méjì. Àwẹ̀ró á jágbe mọ́ ọn, ọmọ á tún gbé ohùn sókè. Ó rẹ obìnrin yìí débi pé ó ránṣẹ́ sí Àyọ̀ká, àbúrò ọkọ rẹ̀, pé kó wá mú ọmọ lọ sóko, kó máa bá òun tọ́ ọ. Ó ránṣẹ́ tán, ó sunkún.

Lọ́jọ́ tí Àyọ̀ká ń bọ̀, Àwẹ̀ró ń mọ ìkòkò aró ńlá kan. Irú rẹ̀ kì í dúró deni: bí wọn ò bá parí ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, amọ̀ á gbẹ, á sì sán. Ó ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, Òní ń fa ìró rẹ̀, ó ń ké. Ló bá yíjú padà, ó fi ọwọ́ amọ̀ gbá ọmọ lẹ́yìn. Àmì ìka rẹ̀ hàn lára ọmọ. Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ bà á.

Ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dìde, ó gba amọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi.

"Dùbúlẹ̀, ìyàwó."

"Ìyá, ọmọ ń ké. Ìkòkò ò sì tíì lẹ́nu."

"Mo gbọ́ ẹkún, mo sì rí ìkòkò. Ìwọ ni mo ní kó o dùbúlẹ̀."

Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀. Òní gun àyà rẹ̀, ó ń ké lọ. Àwẹ̀ró ò jágbe, kò tilẹ̀ lágbára àtijágbe mọ́. Ó kàn ń mí. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹkún rọlẹ̀, ó di òsúkè, òsúkè náà sì dákẹ́.

Nígbà tí Àyọ̀ká fi máa dé, àwọn méjèèjì ti sùn fọnfọn. Ìkòkò ti sán.

"Èyí tó ní ìyá òun ò ní sùn náà dà?" ni Àyọ̀ká bi ìyá rẹ̀, ìyá ọkọ Àwẹ̀ró.

Ìyá àgbà ní kó rọra sọ̀rọ̀. "Òun náà ò fojú kan oorun látọjọ́ tá a ti bí i. Ìyá ló kọ́kọ́ sùn kí ọmọ tó sùn. Oorun kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ní, Àyọ̀ká, a ò sì jẹ́ kí wọ́n rí i sùn."

Àyọ̀ká wo àmì ọwọ́ lẹ́yìn ọmọ. Aṣọ tó mú bọ̀ láti fi pọ̀n ọ́n lọ, ó fi bo ìyá àtọmọ. Ó wá lọ po amọ̀ mìíràn.

Ẹ máa fi òwe náà halẹ̀ mọ́ra yín o, ta ni yóò dá yín lẹ́kun? Àmọ́ àánú ni ìyá àgbà fi sọ ọ́, lórí ẹni méjì tó ti rẹ̀: ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.