Omi Àwọn Tápà ní Òkè-Amọ̀

Àwẹ̀ró ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní ìlú Òkè-Amọ̀ nígbà tí àrùn ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọmọdé mẹ́fà ti kú. Gbogbo ewé tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ti sè, kò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ-ọmọ Baálẹ̀ Ọdẹ́yalé gan-an wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni Baálẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba ọkàn rẹ̀. Àwọn apẹja Tápà kan tẹ̀dó sí etí odò. Ìlú kò gbà wọ́n láyè láti pọn omi ìsun. Wọ́n ní omi àwọn baba àwọn ni, kì í ṣe ti àlejò. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó ṣàìsàn láàárín wọn.

"Àwọn ló bu májèlé sí omi wa," ni Balógun wí níwájú ìgbìmọ̀. "Ẹ jẹ́ ká sun àgọ́ wọn."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí.

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Láti kékeré ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ àgọ́ náà kọjá, kò sì mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀. Kí ló dé tí òun kò bi àwọn tí ara wọn dá léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe? Ó sáré lọ bá wọn.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fátí ló dá a lóhùn. "Ẹ kò jẹ́ ká dé ìsun yín, la bá gbẹ́ kòtò sínú yanrìn. Yanrìn ló ń sẹ́ omi fún wa, a ó sì tún sè é ká tó mu ún. Bí ìyá mi ti ń ṣe nìyẹn. Ṣé ẹ ti wo orí ìsun tiyín?"

Ẹnubodè ni Àwẹ̀ró ti pàdé Baálẹ̀ àti àwọn ọkùnrin tó gbé ògùṣọ̀ dání. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo orí ìsun. Bí ẹ bá sun wọ́n tán, tí omi ṣì ń pa wá ńkọ́?"

"Dìde lọ́nà!" ni Balógun jágbe mọ́ ọn.

Baálẹ̀ na ọwọ́ dá Balógun dúró. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó," ló wí.

Òkú ìgalà tó ti jẹrà ni wọ́n bá lábẹ́ àpáta tí omi ti ń sun. Kò sẹ́ni tó lè wojú ẹnì kejì. Baálẹ̀ rìn lọ sétí odò, ó ṣí fìlà níwájú Fátí, ó tọrọ omi. Fátí rọ omi kún ìkòkò, ó gbé e fún un.

Wọ́n gbé òkú ìgalà náà kúrò, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi, wọ́n ń sè é bíi ti àwọn Tápà. Ọmọdé méjì ṣì kú kí àrùn náà tó lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ-ọmọ Baálẹ̀ dìde jókòó, ó ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ.

"Bí mo bá ti sun wọ́n ni," Baálẹ̀ sọ fún ìgbìmọ̀, "wèrè ni àwọn ọmọ yín ìbá máa pè mí títí ayé."

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.