Ohun Tó Sọ Tannápowó Di Òdòdó Ìrọ̀lẹ́

Nígbà láéláé, kò sí òdòdó kankan tó ń dúró de ìrọ̀lẹ́. Òwúrọ̀ ni gbogbo wọn ń tanná, Tannápowó náà sì wà láàárín wọn. Ẹ má bi mí pé owó dà o. Orúkọ tí mo bá a nìyẹn.

Tannápowó lẹ́wà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní aṣọ pupa, ó ní funfun, ó ní aláwọ̀ ìyeyè. Èyí tí yóò wọ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Àdàbà kígbe láti orí igi ọsàn:

“Ẹ gbọ́ o! Olúwa tó dá wa ń bọ̀ nínú ọgbà yìí lónìí. Kò sọ ìgbà tí yóò dé. Òdòdó tó bá bá tó ti tanná ni yóò fún ní òórùn dídùn.”

Kíá, gbogbo òdòdó ti ṣí. Ìyá Ewúro, aládùúgbò Tannápowó, tí ewé rẹ̀ korò ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ dùn, bojú wo ẹ̀gbẹ́.

“Tannápowó ọmọ mi, o ò tíì wọṣọ?”

“Ìyá, ilẹ̀ ṣì mọ́ rekete. Bí mo bá wọ̀ ọ́ báyìí, oòrùn á jẹ àwọ̀ rẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ pé alẹ́ ló máa dé?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni ńlá kì í tètè dé òde.”

Ló bá sùn lọ fọnfọn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá bàtà kiri nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lù, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Oòrùn wọ̀. “Ó ti dé o!” ni Àdàbà ké. Tannápowó ta jí. Òkùnkùn ti ṣú, kò rí ewé ara rẹ̀, ká má tíì sọ ti aṣọ. Ó rí Tannátanná tó ń fò kọjá.

“Tannátanná, jọ̀ọ́, yá mi ní iná rẹ!”

“Ẹ̀gbọ́n, inú ara mi ló wà, kò ṣeé yá. Àmọ́ mo lè dúró tì yín díẹ̀.”

Iná rẹ̀ tàn, Tannápowó fa aṣọ pupa. Iná kú, ó fa ìyeyè. Iná tún tàn, ó tún kú.

“Èwo tún ni kíkú yìí!”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.”

Kó tó wọṣọ tán, Olúwa ti dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Tannápowó bú sẹ́kún.

“Olúwa mi, jọ̀wọ́, dúró dè mí!”

Olúwa yíjú padà. Ó wò ó: apá kan pupa, apá kan ìyeyè, funfun wínníwínní káàkiri.

“Ta ló wọ̀ ọ́ láṣọ?”

“Òkùnkùn ni, Olúwa mi.”

Olúwa rẹ́rìn-ín. Ó dorí ìgò òórùn dídùn kodò, ó kán èyí tó kù sí i lára.

“N óò tún gba ibí kọjá.”

“Ìgbà wo ni, Olúwa mi?”

Olúwa kò sọ. Ó rọra lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Tannápowó kì í ti í jẹ́ kí alẹ́ ká òun mọ́ ojú oorun. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òdòdó bá ń padé nírọ̀lẹ́, ìgbà náà ni tirẹ̀ ń tanná, tí yóò sì máa ta sánsán títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ti aṣọ tó dà pọ̀ mọ́ra wọ̀nyẹn, kò bọ́ wọn mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ, Olúwa lè kọjá.