Ẹ̀gà Pe Igbà ní Igbá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rọra gun ọ̀pẹ, ó gòkè, ó dá lórí Ìgè ẹlẹ́mu, Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀, àti Ẹ̀gà, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìgè wà lókè ọ̀pẹ, ni igbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ mọ igbà, èyí tí ẹlẹ́mu fi ń de ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Ó ku fọ́nrán mẹ́ta. Igbà tuntun wà nílé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́dọ̀ dé kí oòrùn tó wọ̀. Nílùú wọn, èèwọ̀ ni kí ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ pe igbà ní okùn. Ìgè bá bẹ Ẹ̀gà tó kọ́lé sórí ọ̀pẹ náà. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀gà ọ̀rẹ́ mi o,
*Rọra wí.*
Igbà ni mo wí,
*Rọra wí.*
Sinmi kí o tó pè é,
*Rọra wí.*
Ilẹ̀ jìnnà sí mi o,
*Rọra wí.*

Ẹ̀gà fò, fìrì. Kò mí, kò dúró, ó ní Ìgè fẹ́ igbá. Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò bá a mu ẹmu lókè níbẹ̀, àwọn ẹyẹ? Ó fún un ní igbá kékeré kan. Nígbà tí Ẹ̀gà gbé e dé, fọ́nrán kan já, táì.

Ìgè kọrin rẹ̀. Ó ní kí Ẹ̀gà jẹ́ kí ohùn wálẹ̀ níparí. Ẹ̀gà fò, fìrì. Ìbẹ̀rẹ̀ ló mú wálẹ̀, ó ní Ìgè fẹ́ ìgbá. Àyọ̀ká já ìgbá kan, ikàn ọbẹ̀, lẹ́yìn ilé, ó fún un. Fọ́nrán kejì já, táì.

Ìgè tún kọrin. Ẹ̀gà fò, fìrì. Ó mú gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, ó ní Ìgè ń wí ìgbà.

Àyọ̀ká ń ro àmàlà. Kò gbójú sókè.

“Sọ fún un pé ìgbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ la ó jẹun.”

Ẹ̀gà ń padà lọ, ó rẹ̀ ẹ́, ó bà sórí ẹ̀ka kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn ló gbọ́ bí Ìgè ṣe pe igbà. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Àyọ̀ká. Ó mí. Ó ní, “Igbà.”

Àyọ̀ká ju ọmọrogùn nù, ó fa igbà yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sáré. Kò tíì dé ìdí ọ̀pẹ tó fi gbọ́ ọ: fọ́nrán kẹta, táì; Ìgè, gbìì.

Ẹ̀gà ní, “Èmi ni mi ò sinmi.”

Àyọ̀ká ní, “Èmi náà ò bi ọ́ pé èwo.”

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí ẹni tó ń jíṣẹ́ máa sinmi, kó gbé ohùn síbi tó yẹ. Kí ẹni tó ń gbọ́ náà sì máa béèrè.

Ẹ̀gà ṣì wà lórí ọ̀pẹ títí dòní, ó ń pe igbà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n pè. Igbà náà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn Àyọ̀ká, ẹnikẹ́ni kò fi gun ọ̀pẹ rí.