Ta Ló Kọ Ìlà Yìí?

Ọ̀gá Ládiméjì, tí í fi ariwo darí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ìbàdàn, sọ fún Títílọpẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ pé: “Kó gbogbo ìlà tí kò wúlò kúrò nínú dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlà tí èmi kọ. Bí o bá kùnà, má wá lọ́la.” Dráífà yìí ni àkọsílẹ̀ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń darí ẹ̀rọ, ọ̀gá nìkan ló sì kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ fún ìpàdé ọ̀sán, Títílọpẹ́ fi iná ẹ̀rọ tan àwòrán iṣẹ́ náà sára ògiri, ó kúnlẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí n má baà ṣìṣe. Ìlà yìí ní kí ẹ̀rọ dúró, èyí tó tẹ̀ lé e tún ní kó dúró. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?” Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. “Èmi kẹ̀?” ni ọ̀gá wí. “Èmi kọ́ o!” Títílọpẹ́ pa á rẹ́. “Èyí tó ń ka bébà, tí kò sí ẹni tó ń bèèrè iye rẹ̀ ńkọ́, sà?” “Ìranù! Ẹlòmíràn ló kọ ìyẹn!” Ìyẹn náà lọ. Báyìí ni ọ̀gá ń sẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dráífà fi mọ́ tónítóní. Ó wá ku ìlà òkè pátápátá, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Ládiméjì ló ṣe gbogbo rẹ̀. “Èyí ńkọ́, sà?” ni Títílọpẹ́ bèèrè, ìka rẹ̀ lórí bọ́tìnnì ìparẹ́. Ọ̀gá húkọ́. “Fi ìyẹn sílẹ̀,” ni ó wí, “kí o sì tètè dé lọ́la.”